Inú Òjò Èṣí Ni Mo Ti Ń Pẹja

Oṣù kìíní. Òjò ti ń rọ̀ lórí Winchester láti ìdájí. Òjò ibí yìí kì í bú ramúramù, kì í mú páànù orí ilé hó bí tiwa ní Ẹ̀pẹ́. Wẹliwẹli báyìí ni yóò máa ṣe títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Kò sẹ́ni tó ń pẹja tíráòtù lásìkò yìí, òfin ti ti odò pa. Síbẹ̀ mo wọ bàtà rọ́bà mi, mo lọ dúró lórí afárá onígi tó wà lẹ́yìn ìlú, inú mi sì ń dùn sí òjò náà bí inú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba owó oṣù. Ẹja tí n óò rí ní oṣù keje, inú òjò òní ni yóò ti máa wẹ̀.

*

Mo fẹ́ ṣàlàyé ìyẹn dáadáa, nítorí òun ni gbogbo nǹkan tó kù so mọ́.

Odò Itchen kò gùn. Ẹ̀bá Cheriton ló ti ṣẹ̀, ní Hampshire, ní gúúsù England. Ó kọ́kọ́ ṣàn sí àríwá. Omi Alre àti Candover dara pọ̀ mọ́ ọn nítòsí Alresford. Ó yí sí ìwọ̀ oòrùn, ó kọjá Itchen Abbas, ó wá sọ̀ kalẹ̀ gba inú Winchester lọ sí gúúsù títí ó fi bá òkun pàdé ní Southampton. Gbogbo rẹ̀ kò tó 50 kìlómítà. Ohun tó yà á sọ́tọ̀ ni ilẹ̀ tó ti ń sun. Òkúta ṣọ́ọ̀kì ni àwọn òkè tó yí i ká, ó funfun bí ẹfun tí àwọn ìyá wa ń fi kun ara, ó sì kún fún ihò wẹ́wẹ́ àti sísán. Bí òjò bá rọ̀ lé e, kì í di àgbàrá. Ilẹ̀ ló ń mu ún. Omi náà á máa rọ́ lọ sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, fún ọ̀sẹ̀, fún oṣù, kó tó tún yọ lójú ìsun. Nígbà tí yóò bá fi yọ, ó ti mọ́ gaara, ìwọ̀n ooru rẹ̀ kò sì ń yí padà mọ́: bíi dígírì 10 tàbí 11 ní ẹnu ìsun, òtútù mú o, oòrùn ràn o.

Òjò ìgbà ooru kì í fi bẹ́ẹ̀ dé ìsàlẹ̀. Igi, koríko àti oòrùn ti pín in mu. Èyí tó bá rọ̀ láàárín oṣù kẹwàá sí oṣù kẹta ni ilẹ̀ ń tọ́jú. Bíi 200 irú odò báyìí ló wà ní gbogbo ayé, England ló sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ní ọ̀pọ̀ ibòmíràn, apẹja á wo sánmà kó tó jáde nílé. Níbí, sánmà oṣù mẹ́fà sẹ́yìn ló yẹ kó ti wò.

*

Òwúrọ̀ kan ní oṣù kejì. Yìnyín bo koríko, odò sì ń rú èéfín bí ìkòkò àmàlà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀. Mo ti tẹmọ́mítà bọ omi: dígírì 8. Afẹ́fẹ́ òkè ti sọ̀ kalẹ̀ kọjá òdo pẹ̀lú dígírì 4. Omi ò gbóná rárá. Ibi tó wà náà ló wà, ayé ló sá lọ fi í sílẹ̀.

*

Kàtídírà Winchester ní yàrá kan lábẹ́ ilẹ̀. Bí òjò ìgbà òtútù bá pọ̀, omi inú ilẹ̀ á gòkè wọ inú rẹ̀, á bo ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Ère ọkùnrin kan tí Antony Gormley ṣe dúró síbẹ̀. Ó pa àtẹ́lẹwọ́ pọ̀ bí ẹni tó bu omi, ó tẹrí ba, ó ń wo ohun tó wà nínú rẹ̀. Omi á dé ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀, á dé ojúgun, á dé orúnkún nígbà mìíràn. Àwọn àlejò máa ń yà á ní fọ́tò. Èmi, ojú ìwọ̀n ni mo fi ń wò ó. Omi tó wà ní ẹsẹ̀ ère yẹn àti omi tí yóò sun sínú odò, ilẹ̀ kan náà ló ni wọ́n.

Omi yìí kan náà ló fẹ́ wó kàtídírà náà nígbà kan. Ìpìlẹ̀ rẹ̀ ń rì sínú ilẹ̀ rírọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ò sì lè gbẹ́ ẹ nítorí omi. Láti 1906 sí 1911, òmùwẹ̀ kan tó ń jẹ́ William Walker ni ó ń sọ̀ kalẹ̀ lójoojúmọ́ sínú kòtò olómi dúdú, níbi tí kò ti lè rí ọwọ́ ara rẹ̀, tó ń fi ọwọ́ tá, tó ń to àpò kọnkéré tó lé ní 25,000 sábẹ́ ògiri. Bí mo bá ń ronú nípa ẹni tó mọ omi abẹ́ ilẹ̀ Winchester ju gbogbo ènìyàn lọ, òun ni mo máa ń rántí ṣáájú apẹja èyíkéyìí.

Izaak Walton, tó kọ The Compleat Angler ní 1653, wà nínú kàtídírà yẹn bákan náà. Ó kú ní 1683, ibẹ̀ ni wọ́n sin ín sí. Fèrèsé aláràbarà tó wà lókè ibojì rẹ̀ fi í hàn níbi tó jókòó sí létí Itchen. Apẹja tó bá dé ìlú yìí á lọ kí i. Mo ti lọ. Yàrá ìsàlẹ̀ ni mo máa ń padà sí.

*

Ẹni tó mọ ìwọ̀ ti ilé wa yóò bèèrè pé kí ni a fi ń ṣe ìjẹ. Ekòló kò sí níbẹ̀, ẹran kò sí. Ìyẹ́ àkùkọ, irun ehoro àti òwú là ń dì mọ́ ìwọ̀ tín-ín-rín títí yóò fi jọ kòkòrò tí ẹja ń jẹ lọ́jọ́ náà. Kòkòrò ẹ̀tàn yìí fúyẹ́ débi pé kò ṣeé jù. Okùn tó nípọn là ń jù, òun á tẹ̀ lé okùn. Nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ fi í pẹja gbọ́dọ̀ mọ ohun tó ń fò lójú omi lónìí, ní wákàtí yìí gan-an. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kọ nǹkan sílẹ̀ nìyẹn.

*

Àárín oṣù kẹrin ni ọ̀pọ̀ ibi ìpẹja lórí Itchen máa ń ṣí. Agogo méjìlá ọ̀sán kọjá díẹ̀, oòrùn yọ fẹ́ẹ́rẹ́, àwọn kòkòrò tí wọ́n ń pè ní olive bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ọ̀kọ̀ọ̀kan gbé ìyẹ́ sókè bí ìgbòkun ọkọ̀, ó ń bá omi lọ, títí imú kan á fi yọ lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tó fi di agogo méjì, wọ́n ti tán. Wákàtí tó móoru jù nínú ọjọ́ ni wọ́n ń yàn, ẹja sì mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá jí ní kùtùkùtù nítorí tíráòtù ní oṣù kẹrin kàn fi oorun rẹ̀ ṣòfò ni. Ní oṣù keje, ọ̀sán ni yóò ṣófo, àṣálẹ́ ni yóò lérè.

*

Ọjọ́ 25 oṣù kẹrin ni ìjọ ń ṣe àjọ̀dún Máàkù Mímọ́, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi pe kòkòrò dúdú kan, Bibio marci, nítorí ìgbà náà ló máa ń jáde. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ gùn, á máa rọ̀ dirodiro bó bá ń fò. Orí ilẹ̀ la bí i sí, kò ní iṣẹ́ kankan nínú omi. Atẹ́gùn ló ń gbé e jù síbẹ̀. Bí atẹ́gùn bá fẹ́ láti apá ibi tí igi ẹlẹ́gùn-ún wà, ẹja á tò sábẹ́ bèbè bí ọmọ tó ń retí àkàrà. Bí kò bá fẹ́, a ò ní mọ̀ pé kòkòrò náà wà láyé. Ọjọ́ méjì péré ni atẹ́gùn náà fẹ́ dáadáa lọ́dún yìí. Mo wà níbi iṣẹ́ ní ọ̀kan nínú wọn.

*

Odò tó mọ́ báyìí le fún apẹja. Bí o bá ti rí ẹja, kò burú kí o gbà pé òun náà lè ti rí ọ. Ojú rẹ̀ ń wo ayé òkè láti inú ihò ìmọ́lẹ̀ rìbìtì kan tó wà lókè orí rẹ̀, ohun tó bá ga létí odò sì máa ń tẹ̀ wọ inú ihò náà. Ó ń kọ́ni ní sùúrù: mo máa ń kúnlẹ̀, mo máa ń gba ẹ̀yìn rẹ̀ wá, torí pé òkè odò ló kọjú sí. Mo ti kúnlẹ̀ fún ogójì ìṣẹ́jú nítorí ẹja kan rí. Ìyẹ́ ìrù rẹ̀ ya. N kò jù ú ní ìwọ̀ rárá, mo kàn ń wò ó bó ṣe ń jẹun.

*

Ojú ọjọ́ burúkú ní oṣù karùn-ún: òjò, atẹ́gùn, òtútù tó ń ta ni níka. Àwọn tó kù ká ọ̀pá wọn, wọ́n gba ilé lọ. Ṣùgbọ́n kòkòrò kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní iron blue, ó dú bí aṣọ tó ti wọ aró lẹ́ẹ̀mẹ́ta, irú ọjọ́ yìí gan-an ló fẹ́. Ẹja á fi kòkòrò ńlá sílẹ̀ torí rẹ̀. Mo mú mẹ́ta. Ọwọ́ mi kú débi pé n kò lè ta kókó mọ́, mo wá lọ sílé.

*

Ní Ẹ̀pẹ́, bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀ tí ilẹ̀ sì dẹ̀, alẹ́ ọjọ́ náà ni èsúnsún ń tú jáde. A óò gbé àtùpà sáàárín abọ́ omi, wọn á máa já bọ́ sínú rẹ̀, ìyẹ́ wọn á ya, ìyá àgbà á fi iyọ̀ sí wọn, á yan wọ́n. Gbogbo ilé á máa rùn dídùn. Nínú ohun tí mo ti rí nílẹ̀ yìí, ohun tó sún mọ́ ọn jù ni ti mayfly, láti àárín oṣù karùn-ún wọ oṣù kẹfà. Ẹja ló wá gba ipò wa.

Ephemera danica ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ fún un. Ìyẹ́ rẹ̀ mọ́ fẹ́ẹ́rẹ́ pẹ̀lú iṣan dúdú, ìrù rẹ̀ mẹ́ta. Bí ọdún méjì ló fi ń gbé inú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ odò, níbi tó ti gbẹ́ ihò fún ara rẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ kan á gòkè, á bọ́ awọ lójú omi, á fò lọ sábẹ́ ewé, á sì tún bọ́ awọ lẹ́ẹ̀kan sí i, lẹ́yìn tó ti hu ìyẹ́, ohun tí ìdílé kòkòrò mìíràn kì í ṣe. Láti ìgbà náà kì í jẹun mọ́. Kò tilẹ̀ ní ẹnu tó ṣeé fi jẹun. Ní ìrọ̀lẹ́, àwọn akọ á péjọ lẹ́bàá igi, wọ́n á máa jó: wọ́n á fò gòkè ṣánṣán, wọ́n á jẹ́ kí ara wọn rọra bọ̀ wálẹ̀, wọ́n á tún gòkè, ọ̀kẹ́ àìmọye wọn lẹ́ẹ̀kan náà, láìsí ariwo kankan. Abo á bà lé omi, á yé, á kú síbẹ̀ pẹ̀lú apá nínà. Nígbà náà ni àgbà ẹja tó ti sá pamọ́ sábẹ́ gbòǹgbò láti èṣí, tí olùtọ́jú odò nìkan mọ̀ pé ó wà, á jáde sáàárín odò, á máa ṣí ẹnu, á máa pa á dé, bí ẹni tó ń ka nǹkan sókè.

Àwọn apẹja ní orúkọ kan fún ọ̀sẹ̀ méjì yìí tó túmọ̀ sí pé aláìmọ̀kan pàápàá á mú ẹja nínú rẹ̀. N kò gbà bẹ́ẹ̀ tán. Ní ọjọ́ kìíní, bóyá. Nígbà tó bá fi di ọjọ́ karùn-ún, ẹja ti yó, ìwọ̀ sì ti gún èyí tó pọ̀ nínú wọn. Wọ́n á wá sábẹ́ kòkòrò ẹ̀tàn rẹ, wọ́n á wò ó, wọ́n á padà. Ohun tó tiẹ̀ jọ mí lójú jù kì í ṣe ẹja. Ẹyin tó di kòkòrò òní, inú omi ọdún méjì sẹ́yìn ni a yé e sí. Bí ọ̀dá bá dá lọ́dún náà, tí odò rọlẹ̀, òní ni a óò mọ̀.

*

Frederic Halford tẹ ìwé kan jáde ní 1886 lórí kòkòrò ẹ̀tàn tí ń léfòó lójú omi. Kò pẹ́ tó fi di òfin lọ́kàn ọ̀pọ̀ ènìyàn pé òun nìkan ni ọmọlúwàbí ń lò lórí odò bí Itchen àti Test. G. E. M. Skues, agbẹjọ́rò kan ní London, bẹ̀rẹ̀ sí í pẹja ní Abbotts Barton, tó kángun sí Winchester, ní 1883, ó sì ń bá a lọ títí di 1938. Ó máa ń fi ṣíbí tẹ́ẹ́rẹ́ gbé ohun tó wà nínú ikùn ẹja jáde, á tú u sínú àwo olómi, á wò ó. Ohun tó ń rí níbẹ̀ ni ọmọ kòkòrò tí kò tíì hu ìyẹ́, tí ẹja jẹ lábẹ́ omi. Ó kọ ọ́ sínú ìwé ní 1910. Inú bí àwọn ènìyàn. Àríyànjiyàn náà ò tán, ní 1938 wọ́n ṣe ìpàdé lé e lórí ní Flyfishers' Club.

Ti Skues ni mo ṣe, láìfi igbá kan bọ̀kan nínú. Ẹni tó wo ikùn ẹja ló mọ oúnjẹ ẹja. Síbẹ̀ títí dòní, ọ̀pọ̀ ibi lórí àwọn odò yìí kò gbà kí a lo ọmọ kòkòrò abẹ́ omi kí oṣù keje tó wọlé. Mo ń pa òfin náà mọ́ níbi tó bá wà, nítorí odò olódò ni.

*

Ewéko kan ń hù nínú omi, water crowfoot lorúkọ rẹ̀. Òdòdó funfun rẹ̀ á bo ojú odò ní oṣù karùn-ún àti ìkẹfà bí ẹni pé wọ́n da gúgúrú sí i. Mo kọ́kọ́ rò pé ó ń dí omi lọ́nà ni. Olùtọ́jú odò níbi tí mo ti ń pẹja, àgbàlagbà kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ni ó là mí lójú. Ó ní kí n ri ọ̀pá kan mọ́lẹ̀, kí n sàmì sí ibi tí omi dé, kí n tún padà wá wò ó lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gé ewéko náà. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Omi ti fi ìka mẹ́rin sọ̀ kalẹ̀.

Ewéko ló ń gbé odò ró. Ní ọdún tí omi inú ilẹ̀ kò pọ̀, òun ló ń jẹ́ kí omi kékeré jinlẹ̀, tó ń fún ẹja níbòòji, tó ń mú omi sáré láàárín ìdì kan sí èkejì débi pé òkúta wẹ́wẹ́ ìsàlẹ̀ á mọ́. Dòjé ńlá olọ́wọ́ gígùn ni bàbá yìí fi ń gé e, kì í gé gbogbo rẹ̀ láé. Á fi ìlà kan sílẹ̀ níhìn-ín, ìlà kan lọ́hùn-ún. Ọjọ́ tí gbogbo àwọn tó wà létí odò jọ fẹnu kò sí ni wọ́n ń gé e, nítorí èyí tí ará òkè bá gé, ọ̀dọ̀ ará ìsàlẹ̀ ni yóò gbà kọjá.

*

Oṣù keje, ọjọ́ kẹrin tí ooru ti mú. Tẹmọ́mítà ni irinṣẹ́ tó níyì jù nínú àpò mi báyìí. Omi tó wà ní dígírì 10 lè gba bíi mílígíráàmù 11 ọ́síjìn nínú lítà kan. Bó bá di dígírì 20, á dín sí 9. Bí ara ẹja sì ṣe ń gbóná ni yóò máa nílò ọ́síjìn sí i. Bó bá ti kọjá dígírì 19, mo ká okùn. Ẹja tí a bá fà títí nínú irú omi bẹ́ẹ̀ lè wẹ̀ lọ lọ́wọ́ ẹni wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, kó sì kú lẹ́yìn wákàtí mélòó kan níbi tí ojú ẹni tó mú un kò tó.

Lónìí: nítòsí ìsun, lókè Alresford, dígírì 12. Nísàlẹ̀ Winchester ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, dígírì 18. Bí ìsun bá ń tú omi púpọ̀, ó máa ń yára dé ìsàlẹ̀ kí oòrùn tó rí i mú. Bó bá kéré, ṣe ni yóò máa wọ́ lọ, oòrùn á wá sè é.

*

Màmá mi pè mí láti Ẹ̀pẹ́ nígbà tí mo ń ti odò bọ̀.

“Ẹja ńkọ́?”

“Mo mú méjì, Màámi. Mo dá wọn padà.”

Wọn ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ọmọ apẹja ni wọ́n. Orí ẹja tí bàbá wọn fi ìgèrè àti àwọ̀n mú lórí ọ̀sà ni wọ́n fi wọ ilé ìwé. Ẹ̀pìyà àti ọ̀bọ̀kún ló ra ìwé, tó ra aṣọ. Dídá ẹja padà sínú omi kì í ṣe ohun tí wọ́n lè fi rẹ́rìn-ín, èmi náà ò sì fẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín sí i. Mo ṣàlàyé fún wọn pé ẹja tí a bí sínú odò yẹn fúnra rẹ̀ kò pọ̀ mọ́, àti pé èyí tí mo mú lónìí lè jẹ́ èyí tí yóò yé ní oṣù kejìlá.

“Ṣé omi yẹn ń gbẹ ni?”

Ogún ọdún ni mo ti ń bá àwọn apẹja ilẹ̀ yìí sọ̀rọ̀ nípa okùn, nípa ọ̀pá, nípa kòkòrò. Màmá mi, tí kò rí odò náà rí, ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n bèèrè, òun sì ni ìbéèrè tó wà níbẹ̀.

*

Kẹ́tùrù tí mo fi ń se omi tíì máa ń hu ẹfun nínú. Mo máa ń ha á, á tún hù. Òkè ló ń hù níbẹ̀. Omi ẹ̀rọ tí ọ̀pọ̀ wa ń lò ní agbègbè yìí, láti inú ṣọ́ọ̀kì kan náà ni wọ́n ti ń fà á, tàbí láti inú odò fúnra rẹ̀. Ní 2018, ìjọba jókòó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà ní gbangba, pé báwo ni omi tí wọ́n ń fà nínú Itchen àti Test yóò ṣe pọ̀ tó. Ní 2019, wọ́n yí ìwé àṣẹ padà kí èyí tí wọ́n lè fà nígbà ọ̀dá dín kù. Inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n ènìyàn ń pọ̀ sí i ní gúúsù England, wọ́n á mu omi, wọ́n á wẹ̀. Èmi náà wà lára wọn. Láti ìgbà tí mo ti mọ̀, mo máa ń pa ẹ̀rọ bí mo bá ń fọ eyín, kì í ṣe nítorí owó omi.

*

Àṣálẹ́ oṣù kẹjọ. Oòrùn ti wọ̀, àdán ti jáde. Ìgbà yìí ni kòkòrò blue-winged olive ń padà wá sórí omi láti yé. Abo rẹ̀ á ru ẹyin rẹ̀ bí ìdì róbótó kékeré aláwọ̀ ewé lábẹ́ ìdí, á máa fò lọ sókè odò. Àwọn àgbà máa ń sọ pé nígbà kan, wọ́n máa ń bo ojú ọ̀run. Ní àṣálẹ́ òní mo ka mọ́kànlá.

Ẹyin kòkòrò yìí ń pẹ́ nínú omi. Oṣù púpọ̀ ló fi ń sùn láàárín òkúta kó tó pa. Ẹrẹ̀ kíkúnná tó ń bà lé e àti phosphate tó ń ti oko àti ojú ìdọ̀tí wọ odò ń pa á kó tó dọmọ. Omi náà á sì máa mọ́ lójú o. Ojú nìkan kò tó láti fi mọ odò tó ní àlàáfíà.

*

Òjò àrá ní ìparí oṣù kẹjọ. Láàárín wákàtí kan, omi ojú títì ti sọ etí odò kan di àwọ̀ tíì tó ní mílíìkì. Omi ìsun ṣì ń ṣàn ní ẹ̀gbẹ́ kejì, ó mọ́ gaara. Mo dúró, mo ń wo òjò òní àti òjò èṣí bí wọ́n ṣe ń rìn lọ nínú odò kan náà, tí ìlà kan pààlà sáàárín wọn, títí wọ́n fi dàpọ̀ lábẹ́ afárá.

*

Oṣù kẹsàn-án. Omi ti rọlẹ̀. Òkúta tí n kì í rí ti yọrí, ewéko ti ń pupa. Ilẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ná ohun tó tọ́jú tán. Kòkòrò ẹlẹ́sẹ̀ gígùn tí atẹ́gùn ń gbá kúrò nínú koríko ni ẹja ń jẹ báyìí, wọ́n sì ń jẹ ẹ́ pẹ̀lú ìkánjú, nítorí iṣẹ́ ńlá ń bọ̀ níwájú wọn. Mo wọ yàrá abẹ́ ilẹ̀ ní kàtídírà. Ó gbẹ táútáú, ère náà dúró sórí ilẹ̀ gbígbẹ.

Ìparí oṣù yìí, wọ́n ti odò. Mo fọ okùn, mo nu ọ̀pá, mo to àwọn kòkòrò ẹ̀tàn sínú agolo wọn.

*

Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kejìlá. Mo ti iṣẹ́ alẹ́ dé, n kò sùn, mo gba afárá onígi lọ. Nísàlẹ̀, lórí òkúta wẹ́wẹ́, abo tíráòtù kan dà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń fi ìrù gbá omi, òkúta ń fò. Ó dúró, ó wọnú kòtò náà, ó tún gbá. Akọ kan dúró tì í, ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Ìtẹ́ mẹ́ta ni mo kà láti orí afárá. Àwọ̀ wọn funfun lójú ilẹ̀ dúdú bí ibi tí ẹnì kan ti gbá.

Ooru omi ló máa sọ ọjọ́ tí ẹyin yóò pa. Bí omi bá wà ní dígírì 10, bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni. Bí ó bá tutù ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó lè di oṣù mẹ́ta, mẹ́rin. Èyí ni wọ́n lò ní 1864, nígbà tí wọ́n di ẹyin tíráòtù, lára èyí tí wọ́n kó nínú Itchen, sínú ewédò, tí wọ́n sin ín sáàárín yìnyín nínú ọkọ̀ Norfolk, tó sì fi oṣù mẹ́ta rin òkun lọ sí Australia láìpa. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti gbé e dé Tasmania, ibẹ̀ ni wọ́n ti pa. Ọmọ ọmọ wọn wà nínú odò ibẹ̀ títí dòní.

Àwọn ti ìsàlẹ̀ afárá yìí kò lọ ibì kankan. Bí òkúta ò bá kún fún ẹrẹ̀, bí omi tó ń gba àárín rẹ̀ kọjá bá tó, wọ́n á jáde nígbà tí oṣù kejì bá ń lọ sópin. Òjò bẹ̀rẹ̀ kí n tó kúrò níbẹ̀, wẹliwẹli.

*

Ọjọ́ 21. Mo ya kàtídírà. Omi ti dé ìka ẹsẹ̀ ère.